Tíṣà Tẹ́ńsọ̀ àti Ẹ̀wù Kọ́áyà Márùndínlọ́gbọ̀n

Kí àkùkọ ilé wa tó kọ, ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá mi á ti kọ tiẹ̀. Ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ ni, dúdú, tí òdòdó wúrà ara rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́ tán, ó sì ní ìró méjì. Tí Màmá bá ń rán ẹ̀gbẹ́ aṣọ tó gùn gbọọrọ, a máa ń gbọ́ kẹ̀kẹ̀kẹ̀kẹ̀ láìdáwọ́ dúró. Tó bá dé ibi ọrùn tàbí apá, á di kẹ̀... kẹ̀kẹ̀... kẹ̀, bí ẹni tó ń ronú kó tó sọ̀rọ̀. Láti orí ẹní tí mo sùn sí ni mo ti máa ń mọ ibi tó dé lára ẹ̀wù. Lẹ́yìn ẹ̀rọ ni a óò gbọ́ Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, tó ń rin ewùrà lẹ́yìnkùlé fún ìkọ́kọrẹ́, tó sì ń bá ewùrà náà wí bí ẹni pé ọmọ ilé ni. Lẹ́yìn ìyẹn ni alùpùpù bàbá mi, tó máa ń wúkọ́ títí kó tó gbà láti gbé e lọ sí Ayépé, níbi tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìró kẹrin nínú ilé wa, kí n má purọ́, ni ohùn tèmi. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mí lọ́dún náà, ní Ìjẹ̀bú-Òde, mo sì gbà pé kò sí ohun tí mi ò mọ̀ àfi èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì bi mí.

Ikán ló sọ mí di ọ̀mọ̀wé. Àbúrò bàbá mi kan tó ti kàwé lókè òkun gbé àpótí ìwé kan sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì Ìyá Àgbà, ó lọ, kò sì padà wá gbé e. Nígbà tí a máa fi ṣí i, ikán ti kàwé ju gbogbo wa lọ. Ìwé físíìsì kan ṣoṣo ló kù tí ojú lè rí kà nínú rẹ̀, ọgọ́ta ojú ìwé àkọ́kọ́ rẹ̀ sì ti di ilẹ̀. Ojú ìwé kọkànlélọ́gọ́ta bẹ̀rẹ̀ láàárín gbólóhùn, ohun tó sì ń sọ níbẹ̀ ni tẹ́ńsọ̀. Ọlọ́gbọ́n ọmọ ì bá wá ìwé mìíràn tó ní ìbẹ̀rẹ̀. Èmi gbà pé ibi tí ikán bá jẹ dé ni ìmọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ojú ìwé mẹ́rìnlá péré ló sọ̀rọ̀ tẹ́ńsọ̀. Mo kà á tó ìgbà ogún, mo sì há a sórí. Ó ní àwọn nǹkan kan wà tí nọ́ńbà kan ṣoṣo tó fún, bí ìwọ̀n omi tó wà nínú garawa. Ó ní òmíràn ní ibi tó kọjú sí, bí ọfà. Ó ní tẹ́ńsọ̀ ju méjèèjì lọ, pé nọ́ńbà mẹ́sàn-án ni, mẹ́ta mẹ́ta lórí ara wọn. Bí fèrèsé onígíláàsì mẹ́sàn-án ló rí lójú mi. Mo fi èédú ya fèrèsé yìí sára ògiri ilé ìdáná, mo yà á sẹ́yìn ìwé orin Bàbá, mo sì fi igi yà á sínú iyanrìn níbi tí mo ti yẹ kí n máa gbálẹ̀. Ìyá Àgbà bi mí bóyá ayò ni. Mo ní rárá, mo ní ó ga ju ayò lọ. Ó ní, "Ayò a máa tán, kí ènìyàn sì dìde lọ jẹun. Ìgbà wo ni tìrẹ ń tán?"

Ẹni tó fojú winá ìmọ̀ mi ni Àǹtí Bísí, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó fi ọdún mẹ́rin jù mí lọ. Ó ti jáde ilé ẹ̀kọ́ girama, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló sì fẹ́ ṣe, láti ìgbà tó ti ń wẹ egbò ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà. Ìyá Àgbà kò gbà kí ẹlòmíràn fọwọ́ kan egbò yẹn. Àràárọ̀ ni Àǹtí Bísí máa ń fi omi gbígbóná tó níyọ̀ wẹ̀ ẹ́, tí á fi báńdéèjì wé e, ìwélé kọ̀ọ̀kan yóò bo ìdajì èyí tó ṣáájú rẹ̀, kò ní fún, kò ní dẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti fèélì físíìsì lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn oúnjẹ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bàbá wa nu ẹnu rẹ̀, ó sì dá ẹjọ́ náà.

"Bísí, ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì kì í gba ẹni tí kò ní físíìsì. Ìdánwò oṣù kọkànlá tó ń bọ̀ yìí lo máa tún un ṣe. Tó bá tún já ọ kulẹ̀, ó parí nìyẹn. Ẹ̀rọ ìyá rẹ wà níbẹ̀ tó ń dúró dè ọ́."

"Kí ló ṣe ẹ̀rọ ìyá rẹ̀?" ni Màmá bèèrè, láìgbójú sókè nínú abọ́ rẹ̀.

"Mi ò sọ pé nǹkan kan ṣe é."

"Mo kàn ní kí n bi yín ni. Ẹ̀rọ yẹn ló ra alùpùpù."

Bàbá wúkọ́ bí alùpùpù náà gan-an. "Gbénró," ó ní, ó yára kọjú sí mi, "ìwọ tí o ń fi físíìsì ba ògiri jẹ́, ìwọ ni kó o máa kọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́. Orúkọ tìrẹ náà á wà nínú ìdánwò yẹn, kó o fi dánra wò."

Yàrá iwájú, níbi tí Màmá ti ń ránṣọ, ni kíláàsì wa. Ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù kan tó ti yọ kúrò lára àpótí rẹ̀ ni mo fi ṣe pátákó, ṣọ́ọ̀kì tí Màmá fi ń sàmì sí aṣọ ni mo sì fi ń kọ̀wé. Akẹ́kọ̀ọ́ méjì ni mo ní: Àǹtí Bísí, àti Sìdíkátù ọmọ ilé kejì, tí a ń pè ní Sìdí, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ físíìsì nílé ẹ̀kọ́ wọn, tó sì gbọ́ pé wọ́n ń kọ́ni lọ́fẹ̀ẹ́.

"Láti òní lọ," ni mo wí, mo gbé ọwọ́ sẹ́yìn, "nínú yàrá yìí, tíṣà ni kí ẹ máa pè mí."

"Tíṣà tí kò tíì wẹ̀ láti àárọ̀," ni Sìdí wí.

Mo kọjú sí ẹ̀gbọ́n mi. "Ìwọ Bísí, bọ́ síwájú."

Ohùn Ìyá Àgbà gba ẹ̀yìnkùlé wọlé bí òkò. "Ta ni mo gbọ́ tó ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ìwọ?"

"Kíláàsì ni, Ìyá Àgbà!"

"Kíláàsì kì í gba ipò lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n. Tún un pè!"

"Àǹtí Bísí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ síwájú," ni mo wí, Sìdí sì fi gèlè bo ẹnu.

Mo ya fèrèsé mi sórí pátákó. Mo fi nọ́ńbà kún ojú rẹ̀ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, èyí tó kàn wá sí mi lọ́kàn. Mo ní, "Èyí ni tẹ́ńsọ̀. Nọ́ńbà mẹ́sàn-án nínú ilé mẹ́sàn-án. Ẹ dà á kọ."

Wọ́n dà á kọ. Sìdí na ọwọ́ sókè. "Tíṣà, kí ni wọ́n ń fi í ṣe?"

"Wọn kì í fi ṣe nǹkan kan. Wọ́n máa ń mọ̀ ọ́n ni."

"Wàláhì, èmi ti mọ̀ ọ́n nìyẹn. Ṣé ká máa lọ?"

Àǹtí Bísí kò rẹ́rìn-ín. Ó ṣí ìwé kan tó mú wá. "Gbénró, àní tíṣà, ìbéèrè ọdún tó kọjá nìyí. Wọ́n ní ẹnì kan ń fi pọ́ọ̀lì méjì, kẹ̀kẹ́ tí okùn ń gbà kọjá, fa ẹrù sókè, pé agbára mélòó ni yóò lò. Èyí ló já mi kulẹ̀. Ṣé a lè bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀?"

Mo fi ìka méjì ti ìwé náà padà sí i. "Ti ọmọdé nìyẹn," ni mo wí. "Ẹni tó bá mọ tẹ́ńsọ̀, pọ́ọ̀lì á máa sá fún un." Òtítọ́ ibẹ̀, tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni títí di ìgbà tí irun mi fi funfun, ni pé pọ́ọ̀lì wà nínú ọgọ́ta ojú ìwé tí ikán jẹ.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe bá a lọ láti oṣù kẹfà títí wọ oṣù kẹsàn-án. Mo kọ́ wọn bí a ṣe ń ṣírò fèrèsé mọ́ fèrèsé. Mo kọ́ wọn ní lẹ́tà kéékèèké tí wọ́n máa ń so mọ́ ìsàlẹ̀ lẹ́tà ńlá bí yẹtí. Nígbà mìíràn, tí mo bá wo ojú Àǹtí Bísí, mo máa ń rí i pé ó ń wo ẹnu mi bí ènìyàn ṣe ń wo òjò láti ojú fèrèsé, tó ń retí ìgbà tí yóò dá. Mo rò pé ìyanu ló ń ṣe é.

Ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa ló dá wa lọ́wọ́ kọ́. Kọ́áyà fẹ́ fi ẹ̀wù tuntun jáde lọ́dún náà, wọ́n sì gbé iṣẹ́ náà fún Màmá: ẹ̀wù funfun mẹ́rìnlélógún, alápá gígùn, tó balẹ̀ dé kókósẹ̀. Alàgbà Ọdúkọ̀yà, ọ̀gá kọ́áyà, ọkùnrin tó máa ń fọ́n imú kó tó sọ̀rọ̀, ló ra aṣọ náà fúnra rẹ̀, yáàdì mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, mẹ́ta ààbọ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kò lé, kò dín. Lẹ́yìn tó ti rà á tán ni bàbá mi sọ pé Ọlọ́run ti pe òun láti máa kọ ohùn ìsàlẹ̀. Wọ́n gbà á sí kọ́áyà. Ẹ̀wù di márùndínlọ́gbọ̀n, aṣọ kò pọ̀ sí i, irú aṣọ yẹn sì ti tán lọ́jà. Ọ̀rọ̀ náà ká bàbá mi lára gan-an. Ó ń rìn kiri inú ilé, ó ń kọ ohùn ìsàlẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni tí kò ní aṣọ tí yóò fi kọ ọ́ sókè.

Nígbà náà ni Màmá lọ sí Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, nítorí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan tó ṣàìsàn. Ó ní kí Àǹtí Bísí gé aṣọ náà kóun tó dé. Èmi sì rí àyè. Mo fi páálí ẹlẹgẹ́ gé àwòrán ojú ẹ̀wù, iwájú, ẹ̀yìn àti apá, mo sọ ọ́ di kékeré bí ìka, mo sì tò wọ́n sórí bébà gígùn tí mo wọ̀n bí aṣọ. Tí mo bá tò wọ́n lóòró, mẹ́rìnlélógún ni. Tí mo bá dojú ọ̀kan sókè, tí mo dojú èkejì sísàlẹ̀, ó ku díẹ̀ kó pé. Ṣùgbọ́n tí mo bá dá gbogbo wọn dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, bí ẹní tí wọ́n tẹ́ gba igun yàrá dé igun yàrá, áà! márùndínlọ́gbọ̀n gééré, ó sì tún ku àjákù tó tó ṣe ìnujú. Mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta. Mo fi ṣọ́ọ̀kì ya gbogbo rẹ̀ sórí aṣọ gidi. Títí di òní, mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé ìṣirò yẹn pé. Kò sí nọ́ńbà kan nínú rẹ̀ tó ṣẹ̀.

Àǹtí Bísí ti ọjà dé, ó rí ilà ṣọ́ọ̀kì mi, agbọ̀n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Gbénró, a kì í gé ẹ̀wù gígùn báyìí. Krọ́ọ̀sì nìyẹn, igun sí igun. Òwú aṣọ gbọ́dọ̀ dúró lóòró."

"Kí nìdí?"

"Nítorí pé aṣọ ní ọ̀nà tirẹ̀."

Mo rẹ́rìn-ín ẹ̀rín ọ̀mọ̀wé. "Àǹtí mi, aṣọ kì í ṣe ènìyàn. Kò mọ ibi tó kọjú sí. Aṣọ yáàdì kan, aṣọ yáàdì kan ni, bó dùbúlẹ̀, bó dìde." Ẹ gbọ́ mi o. Èmi tí mo ti fi oṣù mẹ́ta kọ́ni ní ohun tí gbogbo ìwúlò rẹ̀ nínú ayé kò ju èyí lọ: pé àwọn nǹkan kan wà tí wọ́n mọ ibi tí a kọjú wọn sí.

Bàbá wọlé bá wa lẹ́nu àríyànjiyàn. Ó ka ojú ẹ̀wù, ó dé orí kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ó tún un kà. "Márùndínlọ́gbọ̀n," ó ní, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ dé ibi tí Ọlọ́run pè é sí. "Ẹ wo ọpọlọ! Bísí, gé e."

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí Màmá kọ́kọ́ dé."

"Mo ní kó o gé e. Ṣé tíṣà rẹ kọ́ ni?"

Ó gé e. Sísọ́ọ̀sì rẹ̀ ń dún lórí tábìlì bí ẹni tó ń jẹ egungun. Màmá dé, ó bá ègé aṣọ ní ìdì ìdì, tí a ti so pọ̀ mọ́tọmọ̀to, kò sì yẹ òwú rẹ̀ wò. Òun àti Àǹtí Bísí rán an fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bí wọ́n bá ti rán ọ̀kan tán, wọ́n á fi họ́ọ̀kù gbé e kọ́ sórí okùn tí a ta láti ara igi máńgòrò dé ara òrùlé ilé ìdáná, ní abẹ́ páànù. Mo máa ń rìn kọjá lábẹ́ wọn bí ọ̀gágun tó ń wo ọmọ ogun rẹ̀.

Ìlọsílẹ̀ wọn kò dé lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá Àgbà ló kọ́kọ́ rí i. Ó jókòó lórí àpótí, ó na ẹsẹ̀ tó ní egbò síwájú, ó ń wo okùn. "Àwọn màlékà yìí," ó ní, "kí ló dé tí gbogbo wọn fi ń tiro?" Mo wò ó. Ìṣẹ́tí gbogbo ẹ̀wù náà ti já sílẹ̀ ní apá òsì, ó sì ti fà sókè ní apá ọ̀tún. Ìránpọ̀ ẹ̀gbẹ́, tó yẹ kó wà lábẹ́ apá títí dé ilẹ̀, ti rìn wá sí iwájú bí ẹni tó gbọ́ tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà Alàgbà Ọdúkọ̀yà wá wọ tirẹ̀ wò. Ó dúró níwájú dígí. Ó tẹ èjìká kan sílẹ̀, ìṣẹ́tí kò tọ́. Ó tẹ èkejì. Ó fọ́n imú. "Ìyá Bísí," ó ní, "ṣé ara mi ló wọ́ ni?"

Màmá kúnlẹ̀, ó gbé ìṣẹ́tí náà, ó fi ìka tọ òwú rẹ̀ lọ sókè títí dé àyà Alàgbà. "Ta ló gé aṣọ yìí?"

Àǹtí Bísí ní, "Èmi ni, mà."

Ibi tí ìtìjú ti mú mi jù láyé mi nìyẹn, ó sì ti mú mi níbi púpọ̀. Mo ní, "Èmi ni mo ní kó gé e bẹ́ẹ̀." Bàbá wo òrùlé. Màmá kò nà mí. Ì bá sàn kó nà mí. Ìyá Àgbà nìkan ló sọ̀rọ̀. "Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà," ó ní, ó wo okùn náà lẹ́ẹ̀kan sí i. "Ṣùgbọ́n èyí ń gbìyànjú."

Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ló kù kí ìkórè pé, ìdánwò físíìsì sì wà ní ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn ìkórè. Màmá sọ bí yóò ṣe rí: a ó tú gbogbo ẹ̀wù náà, a ó tún un gé kí òwú rẹ̀ dúró, yóò kéré sí i, yóò sì kúrú, a ó wá fi aṣọ búlúù kún gígùn rẹ̀ ní ìṣẹ́tí. Òun nìkan kò lè dá a ṣe. Ó gbé ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ sọ̀kalẹ̀ láti orí àjà fún Àǹtí Bísí, láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, lójoojúmọ́. Àǹtí Bísí mú ìwé ìbéèrè rẹ̀, ó nu erùpẹ̀ ojú rẹ̀, ó sì fi í sábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ tó ń mì, kó má baà mì mọ́. Mo rí i. Ó rí i pé mo rí i.

Ní ọjọ́ kejì, Sìdí àti èmi ń tú òwú, Àǹtí Bísí pè mí. "Tíṣà, wá." Kò fi ṣe ẹlẹ́yà, ìyẹn ló dùn mí jù. Ó tẹ́ àjákù aṣọ funfun kan sórí tábìlì. Ó da bọ́tìnnì jáde nínú agolo mílíìkì, ó dojú agolo náà dé aṣọ, ó sì fi ṣọ́ọ̀kì yí i po. Òbìrípo kan róbótó.

"Di ìsàlẹ̀ mú." Ó di òkè mú, a fà á lóòró. "Ó yí padà?"

"Rárá."

A fà á níbùú. Kò yí padà tó nǹkan. Ó wá fún mi ní igun kan, ó di igun tó kọjú sí i mú. "Fà á báyìí." Mo fà á, òbìrípo náà sì di ẹyin lójú mi, ẹyin adìyẹ gidi, ó gùn síhà ọ̀dọ̀ àwa méjèèjì, ó sì fún nínú.

"A fà á sọ́dọ̀ ara wa," ni Àǹtí Bísí wí. "Ta ló wá tẹ̀ ẹ́ wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́?"

Ó fi píìnì kan aṣọ náà mọ́ pákó bó ṣe nà yẹn. "Gbé fèrèsé rẹ wá. Kọ ọ́ sí i." Mo fi rúlà fa ilà kan síhà ilẹ̀kùn, mo fa èkejì síhà ògiri, mo wọn ẹyin náà, mo ṣírò. Nítorí pé aṣọ tẹ́ pẹrẹsẹ ni, ojú fèrèsé mẹ́rin tó. Nígbà tí mo parí, ó yí pákó náà díẹ̀ lórí tábìlì, bí ènìyàn ṣe ń yí abọ́ ọbẹ̀ sọ́dọ̀ àlejò. "Ilẹ̀kùn kò kúrò níbi tó wà. Tún un kọ." Mo tún un kọ. Nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló yí padà.

"Ẹyin ńkọ́?" ni Sìdí bèèrè, ó ti sún mọ́ wa.

"Ẹyin kò yí padà," ni mo wí.

"Èwo wá ni tẹ́ńsọ̀ nínú méjèèjì," ni ẹ̀gbọ́n mi bèèrè, "nọ́ńbà ni, àbí ẹyin?"

Ẹ̀rọ Màmá náà dákẹ́. Mo jókòó sórí ìdì aṣọ. Láti oṣù kẹfà ni mo ti ń kọ́ wọn ní aṣọ tí nǹkan náà wọ̀, mi ò tíì fojú kan nǹkan náà fúnra rẹ̀ rí. Àwọn tó jinlẹ̀ nínú ìmọ̀ yìí yóò sọ fún mi pé bí aṣọ ṣe nà nìkan ni ẹyin yẹn sọ, pé ti agbára tó fà á yàtọ̀, àti pé èyí tó so méjèèjì pọ̀ ní ojú fèrèsé mọ́kànlélọ́gọ́rin. Mo mọ̀. Mo ti kà á lẹ́yìn náà, nínú ìwé tó ní ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ físíìsì bá wá bá mi ní ìloro mi lọ́jọ́ Sátidé lóde òní, mi ò jẹ́ fún wọn ní nọ́ńbà kankan ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Aṣọ àti agolo mílíìkì ni mo ń gbé sílẹ̀. Mo máa ń ní kí wọ́n fà á.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí bàbá mi gbé fún mi ní oṣù kẹfà. Mo fi páálí tí mo ká sábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ pààrọ̀ ìwé ìbéèrè. Mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àǹtí Bísí, ó ń ránṣọ, mo ń ka ìbéèrè sókè. Mo tètè rí i pé mi ò nílò láti bi í bóyá ó yé e. Tó bá yé e, ọwọ́ rẹ̀ á máa yí ẹ̀rọ lọ kẹ̀kẹ̀kẹ̀kẹ̀. Tí kò bá yé e, ẹ̀rọ á dákẹ́, èmi náà á dákẹ́, màá tún ọ̀nà mìíràn wá. Nígbà tí a dé orí pọ́ọ̀lì, ẹ̀rọ dákẹ́, mi ò sì rí ọ̀nà mìíràn.

"Tíṣà," ni Sìdí wí, "ṣé kò yé ìwọ náà ni?"

"Kò yé mi," ni mo wí. Mi ò tíì sọ gbólóhùn yẹn rí. Ó korò lẹ́nu bí ewúro.

Sìdí rọ́jú dìde. "Lóko bàbá mi, pọ́ọ̀lì méjì ló wà lórí kànga. Okùn mélòó ló di garawa mú? Ka okùn. Tó bá jẹ́ méjì, ìdajì ẹrù ni ọwọ́ rẹ ń gbé, ṣùgbọ́n o máa fa okùn ní ìlọ́po méjì. Ta ni kò mọ ìyẹn?" Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ kẹ̀kẹ̀kẹ̀kẹ̀. Mo mú ìwé, mo dà á kọ.

Ẹ̀wù mẹ́rìnlélógún ló tọ́ ní ọjọ́ ìkórè, funfun, pẹ̀lú búlúù ní ìṣẹ́tí, àwọn ènìyàn sì rò pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fẹ́ kó rí. Ìkẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni Màmá kò fọwọ́ kàn. Ó ní aṣọ búlúù ti tán. Ó lè jẹ́ òótọ́. Bàbá mi wọ ọ́ bó ṣe wà. Ó dúró ní ìlà ẹ̀yìn, ìṣẹ́tí bo bàtà òsì rẹ̀, ó sì fi ìbọ̀sẹ̀ ọ̀tún hàn gbogbo ìjọ, ó sì kọ ohùn ìsàlẹ̀ láìwo ẹ̀gbẹ́ kankan. Ìyá mi kọrin lọ́jọ́ náà bí ẹni tí ayé yẹ. Bí a ṣe ń jáde, Bàbá tẹ̀ sí etí mi. "Lọ́dún tó ń bọ̀, Gbénró, dákun, má fi ọpọlọ ràn mí lọ́wọ́ mọ́."

Ọjọ́ kẹrin ni a ṣe ìdánwò. Àǹtí Bísí wọlé pẹ̀lú ọwọ́ tí abẹ́rẹ́ ti gún lára. Ìbéèrè pọ́ọ̀lì wà níbẹ̀. Ìbéèrè kan tún wà nípa okùn wáyà tó nà nígbà tí a so ẹrù mọ́ ọn. Ìlà márùn-ún tó láti fi dáhùn rẹ̀. Ṣé ẹ rò pé mo ti gbọ́n? Mo kọ ojú ìwé mẹ́rin lórí tẹ́ńsọ̀, mo ya agolo, mo ya ẹyin, aago sì lù kí n tó débi ìbéèrè mìíràn.

Èsì dé lẹ́yìn ọdún tuntun. Bàbá kà á níwájú gbogbo wa, pẹ̀lú ohùn ìsàlẹ̀. Àǹtí Bísí yege físíìsì, ó sì yege dáadáa. Màmá gbé e mọ́ra, ó ń sunkún, ó ń sọ pé ta ni yóò wá máa bá òun tẹ ọrùn aṣọ. Bàbá yí bébà kejì, ó wò ó, ó tún wò mí.

"Gbénró ńkọ́?" ni Ìyá Àgbà bèèrè.

"Ó fèélì físíìsì."

Ìyá Àgbà ronú sí i. "Ẹni tó ń kọ́ wọn ní odò wíwẹ̀," ó ní, "òun nìkan ló rì?" Ẹ̀rín sì bú nínú ilé wa débi tí adìyẹ fi sá, èmi náà rẹ́rìn-ín, nígbà tí mi ò rí ohun mìíràn ṣe.

Ọjọ́ tí Àǹtí Bísí ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, èmi ni mo ru àpótí rẹ̀ dé gáréèjì. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà ó ti wẹ egbò ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà, ó sì ti kọ́ mi bí mo ṣe máa wé báńdéèjì, ìwélé kọ̀ọ̀kan á bo ìdajì èyí tó ṣáájú rẹ̀. Mo wé e lẹ́ẹ̀mẹrin kó tó gbà. Nígbà tó wọ ọkọ̀ tán, ó fún mi ní àjákù aṣọ funfun náà, ó ká a mẹ́rin, òbìrípo rẹ̀ ṣì wà lójú rẹ̀. Awakọ̀ ti ń tan ọkọ̀ nígbà tí Sìdí sáré dé, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, tó ń ju ọwọ́ sókè láàárín èrò.

"Tíṣà!" ó pariwo. "Tíṣà!"

Mo gbé àyà sókè, mo yí padà sí i pẹ̀lú gbogbo ara. Sìdí gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ó lọ di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi mú lójú fèrèsé ọkọ̀.